Ẹsẹ̀ La Jogún

Ìyá ọ̀kan nínú wa kú ní Ìgànà, a kò sì rí ọmọkùnrin mẹ́fà tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá náà kò bímọ. Ọmọ méje ló bí, gbogbo wọn ló sì wà láyé: méjì ní Ìfọ́, ọ̀kan ní Agége, ọ̀kan ní Kútọ̀nú, ọ̀kan ní Libreville, àwọn méjì tó kù ń lọ ń bọ̀ láàrin Abẹ́òkúta àti Ṣàgámù. Wọ́n fi owó ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Owó pósí pé, owó ẹran pé, owó àga àti àtíbàbà pé. Ẹni tí yóò di ọkọ́ mú ni kò sí. Àwọn alágbàṣe kan tí wọ́n ti òkè Bénin wá túlẹ̀ ẹ̀gẹ́ la fowó bẹ̀, àwọn ló gbẹ́ ilé ìkẹyìn fún ìyá tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ dáadáa. Ojú ló ń tì wá bí a ti dúró ń wò wọ́n, àwa tí a sáré dé láti ìdálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹbí tuntun lọ́rùn.

Àwa tí mò ń sọ̀rọ̀ wa yìí, ẹgbẹ́ kan ni wá. Ní 1975 ni Dahomey di Bénin, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbé abẹ́ orúkọ mìíràn rí. Ìgànà wa kì í ṣe Ìgànà Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tiwa wà lábẹ́ Pọ́bẹ̀, ní apá ibi tí Bénin ti fẹ̀yìn ti Nàìjíríà, tí àwọn ará Kútọ̀nú mìíràn bá sì gbọ́ ọ, wọ́n á béèrè pé ṣé ibẹ̀ yẹn ṣì jẹ́ ilẹ̀ Bénin. Nàgó ni wọ́n ń pè wá. Àwọn aládùúgbò wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ilé ìyá wa, tí wọ́n ń gbé àfonífojì ilẹ̀ dúdú láàrin Pọ́bẹ̀ àti Kétu, Ọ̀họ̀rí ni wọ́n. Faransé kọ orúkọ yẹn sílẹ̀ ní Holli, Holli náà ló sì wà nínú ìwé ìjọba títí dòní.

A wà ní kékeré nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà pa. Oṣù kẹrin 1984 ni, wọn kò sì ṣí i títí di 1986. Ohun tí a rántí ni pé àwọn ìyá wa ń gba inú oko lọ sọ́jà, àti pé bàbá àgbà kan rẹ́rìn-ín nígbà tí a ní kó fi ààlà náà hàn wá. Ó ní òun kò tí ì rí i rí. Ní 1989, àwọn olùkọ́ tí ìjọba kò sanwó fún daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì wọ́gi lé odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ọdún funfun là ń pè é, bí Faransé ti pè é. Ọmọ púpọ̀ nínú wa gbé àpò ìwé wọ inú ọdún funfun náà, nígbà tí yóò fi parí, ó ti ń ru búlọ́ọ̀kù ní Sango-Ọ̀tà. Kò padà sídìí tábìlì mọ́. Ní 11 oṣù kìíní 1994, wọ́n gé owó séfà sí méjì lóru ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, bí náírà bá lágbára, a ó lọ nítorí pé náírà lágbára. Bí séfà bá lágbára, a ó ṣì lọ, nítorí a ti gbàgbé bí a ṣe ń dúró.

Ẹ má ṣe rò pé ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ó dé. Ọkọ̀ ojú irin dé Pọ́bẹ̀ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1913. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ dé ní 1922, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Onígbólò, tí Bénin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn bàbá wa sì rò pé ìyà ti tán. Ọkọ̀ ojú irin ti dákẹ́. Gbogbo ohun tó wá sọ́dọ̀ wa, ó wá gbé nǹkan ni: ẹyìn, epo, símẹ́ǹtì. Nígbà tó yá, ó kan èèyàn.

Ṣùgbọ́n ìtàn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú wa. Ní 10 oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris, wọ́n fa ìlà sórí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tẹ̀ rí. Kétu, Ọ̀họ̀rí, Pọ́bẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaró bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìmẹ̀kọ náà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ìlú lábẹ́ Kétu ni. Ohun tó tẹ̀lé e lọ́dọ̀ Faransé ni owó orí, iṣẹ́ ọ̀nà láìgbowó, àti òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat, èyí tó fún aláṣẹ láyè láti ju ẹni dúdú sẹ́wọ̀n láìjẹ́ kó fojú kan adájọ́. Wọ́n tún fẹ́ kí abúlé wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí iye orí lè rọrùn láti kà, kí ọ̀pá lè tètè dé ẹ̀yìn ẹni tí kò sanwó. Nígbà tí ogun àgbáyé dé ní 1914, wọ́n ní kí a kó ọmọkùnrin wá. Ọ̀họ̀rí kọ̀. Wọ́n bá wọn jà, ìjà náà sì gùn títí wọ 1916. Òjò wà lẹ́yìn Ọ̀họ̀rí, nítorí bí ilẹ̀ dúdú yẹn bá ti mu omi, ó ń fa ẹsẹ̀ bí ẹni fa ọmú, ọmọ ogun tó wọ bàtà kò lè kọjá.

Nígbà tí agbára wá ju agbára lọ, ọ̀pọ̀ kò dúró de ìyà. Wọ́n kọjá sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, Ọ̀họ̀rí wà ní Yewa Àríwá ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn tí ìlà bá níbẹ̀ àti àwọn tó wá bá wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé ńlá kan tó jáde ní 1976 lórí bí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣàkóso ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láti 1889 dé 1945. Lọ́dún kan náà, ó kọ àpilẹ̀kọ mìíràn lórí àwọn ará Côte d'Ivoire àti Upper Volta tó ń sá kúrò lábẹ́ Faransé. Ó pe ìṣílọ wọn ní ọ̀tẹ̀.

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbé inú mi. Ọ̀tẹ̀ ni lóòótọ́. Ilé kan tó bá kọjá lóru, owó orí mẹ́rin tàbí márùn-ún ló bá a lọ, apá tí yóò la ọ̀nà bá a lọ, ọmọ tí yóò di ṣọ́jà bá a lọ. Aláṣẹ á jí láàárọ̀, á bá ahéré tó ṣófo, á sì mọ̀ pé wọ́n ti ṣe òun ní nǹkan. Àti pé wọn kò lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Baálé ilé lọ, ìyàwó lọ, arúgbó wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ewúrẹ́ wà lókùn, igbá òrìṣà wà lórí. Ibi tí wọ́n dé, ìlú ni wọ́n tún dá.

Àwa ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìdájí, lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú báàgì kan. Kò sí ìjọba tí ìlọ wa dùn. Bóyá ó tilẹ̀ tù wọ́n lára, nítorí kànga tí wọn yóò gbẹ́ ti dín kan, àga tí wọn yóò kàn síléèwé ti dín kan. Ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa la jogún, a kò jogún ohun tí wọ́n fi ẹsẹ̀ náà sọ. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbọ́ lọ́rọ̀ ara wa, nítorí a máa ń fi ìtàn Ọ̀họ̀rí yangàn níbi ìgbéyàwó, bí ẹni pé ohun tí wọ́n ṣe ni àwa náà ń ṣe.

Mo tún ka ìtàn ìṣílọ mìíràn: àwọn èèyàn kan wà ní Labrador, ní ìlà-oòrùn Kánádà, tí wọ́n ń jẹ́ Mushuau Innu. Ọdẹ ni wọ́n, ẹran caribou ni wọ́n ń tẹ̀lé kiri nínú òjò dídì. Ní 1948 ìjọba kó wọn lọ sí Nutak. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà wálé. Ní 1967 wọ́n tún kó wọn sí Davis Inlet, lórí erékùṣù kan, wọ́n ṣèlérí ilé àti omi fún wọn. Omi kò dé ọ̀pọ̀ ilé. Ọtí dé. Ní oṣù kejì 1992, ọmọdé mẹ́fà jóná mọ́ ilé kan níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 1993, fídíò kan mú àwọn ọmọdé mẹ́fà mìíràn hàn fún gbogbo ayé, wọ́n ń fa òórùn bẹntiróòlù símú nínú òtútù, wọ́n ń pariwo pé àwọn fẹ́ kú. Láti òpin 2002 ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Natuashish, ibi tí ilé ti dára tí omi sì ti ń ṣàn. Ìdààmú náà bá wọn dé ibẹ̀.

Ìtàn wọn yàtọ̀ sí tiwa, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wọ́n pọ̀ tipátipá. Àwọn, ìjọba ló kó wọn. Àwa ń kó ara wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà nípa ọmọdé àti bẹntiróòlù, n kò lè ka ojú ìwé tó kàn.

Nítorí bẹntiróòlù ló tọ́ ọmọ wa dàgbà. Kpayo là ń pè é, epo tó ti Nàìjíríà wá láìgba ẹnubodè. Ẹ rìn láti Ṣakẹ́tẹ́ títí dé Kétu, ẹ ó rí i lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà, nínú ìgò ńlá àti ìgò kékeré, àrọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, aṣọ wà lẹ́nu àrọ láti sẹ́ ìdọ̀tí. Àwọn ìyá opó fi rán ọmọ níléèwé. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń gun ọ̀kadà tí kẹ́ẹ̀gì yí ká débi pé ẹ kò ní rí ẹni tó gùn ún, ẹ ó kàn rí òkè kẹ́ẹ̀gì tó ń sáré. Mo mọ ọmọ tó fi kíláàsì kẹrin sílẹ̀ nítorí pé ìrìn méjì lóru fún un lówó ju ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ń gbà lọ́sẹ̀ kan. Kí oorun má bàa kùn ún, ó ń lo tramadol. Tó bá dé, kó lè sùn, ó ń mu ọtí sódàbì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe ń pín ọjọ́ rẹ̀. Ní 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ilé ìkó-epo-pamọ́ kan jóná ní Sèmè-Podji, ó pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Àwa tó wà lágbègbè Pọ́bẹ̀ mọ̀ pé òórùn tó wà nínú iyàrá wọn náà ló wà nínú tiwa.

Ìjọba á ní kí a fi kpayo sílẹ̀. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa fi í sílẹ̀: nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù karùn-ún 2023, iye jálá kan fò sókè lójijì, ọ̀pọ̀ tábìlì sì ṣófo. Ṣáájú ìyẹn, ní 20 oṣù kẹjọ 2019, wọ́n tún ti ààlà pa, ó lé lọ́dún kan. Àwọn ọmọ wa béèrè ibi tí ààlà wà, bí àwa ti béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rí i. Ó wọ aṣọ ṣọ́jà, ó di ìbọn mú.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe epo. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Buruli. Pọ́bẹ̀ ni ibùdó tí wọ́n ti ń wò ó wà, àwọn onímọ̀ ìṣègùn káàkiri ayé sì mọ Pọ́bẹ̀ nítorí rẹ̀ ju bí àwa fúnra wa ti mọ̀ ọ́n lọ. Kòkòrò tó ń fà á jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ̀bá àbàtà àti omi tí kì í ṣàn sì ni ó ti wọ́pọ̀. Àwọn ọmọdé ló máa ń mú jù. Ó ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ. Kì í dunni, ìkà rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí ohun tí kò bá dun ọmọ, kò ní sọ ọ́, ẹni tó sì yẹ kó máa wẹ̀ ẹ́ kó rí i kò sí nílé. Bó bá pẹ́, awọ á là, egbò á fẹ̀ láti kókósẹ̀ dé orúnkún. Àwọn àgbà á ní àsasí ni, wọ́n á sì mú un kiri ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Nígbà tí yóò fi dé Pọ́bẹ̀, ẹsẹ̀ ti ká, kò nà mọ́.

Bẹ́ẹ̀, oògùn wà. Láti 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí oògùn tí èèyàn yóò lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tó bá tètè dé, ó lè má fojú kan ọ̀bẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, oṣù méjì nìyẹn. Ẹ bá mi kà á bí a ṣe ń kà á nílé: ta ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ náà? Ta ni yóò máa se oúnjẹ? Tó bá jẹ́ ìyá àgbà, ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ mẹ́rin yòókù tí wọ́n já lé e lọ́wọ́? A ti rí ìyá àgbà tó gbé ọmọ padà sílé kí oògùn tó pé, nítorí àgò adìyẹ rẹ̀, nítorí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn tó kù. Ẹ má dá a lẹ́bi. Bàbá ọmọ náà wà ní Agége, ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, ó sì rò tọkàntọkàn pé òun ń tọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ tuntun ti jáde ní 2013, ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà wa fi igi pèrègún pààlà, ó sì mọ ẹni tó bá a gbìn ín. Ẹni tó wà nílé ní ìwé, ẹni tó wà ní Ìfọ́ ní pèrègún. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìkànìyàn ńlá fún ìwé ìdánimọ̀ ní òpin 2017, àwọn kan nínú wa kò sí nílé, àwọn kan sì ti ní orúkọ mìíràn ní òdìkejì, pẹ̀lú káàdì ìdìbò tirẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Orúkọ méjì ni ìlà tí wọ́n fà ní Paris fún wa.

Gẹ̀lẹ̀dé ńkọ́? UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, inú wa dùn, a gbé e sí fóònù wa. Ẹni tó bá mọ alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ijó lásán. Ní òru yẹn, akọrin á dúró ní gbàgede, á sì fi orin sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ lọ́sàn-án: ẹni tó kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ta ilẹ̀ ẹbí, ìjòyè tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìlú á gbọ́, ẹni tó kàn á tẹrí ba. Báyìí, tí ọdún bá dé, àwa la máa ń san owó onílù àti owó aṣọ láti ìdálẹ̀, a sì máa ń fi WhatsApp wo ijó. Ta ni akọrin fẹ́ bá wí? Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò sí ní gbàgede.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin ìyá náà, a kò lè sùn. A jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí a yá, àwa méjìlá tó jọ wà ní kíláàsì lọ́dún funfun. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó kù nílé: arúgbó báyìí, ọmọdé báyìí. Láàrin wọn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹnì kankan. Ọ̀kan nínú wa, obìnrin tó ń ta aṣọ ní Kútọ̀nú, ní owó tí à ń rán wálé, òun kò kà á sí mọ́. Ó yọ ìwé àjákọ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ya ojú ewé kan, ó kọ orúkọ oṣù méjìlá sí i, ó ní kí olúkúlùkù mú ọ̀kan. Ẹni tí oṣù bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò wà ní Ìgànà fún odidi oṣù náà. Yóò máa wo awọ àwọn ọmọdé bí wọ́n bá ń wẹ̀. Yóò gbé ẹni tó bá ṣàìsàn dé Pọ́bẹ̀, yóò sì jókòó tì í. Yóò mọ ọmọ tí kò lọ síléèwé, yóò lọ bá a nídìí tábìlì kpayo. Bí ẹnì kan bá kú, yóò gbẹ́ ilẹ̀.

Ẹnì kan ní ọmọ ìlú kan lóṣù kan kò tó ìlú. Òótọ́ ló sọ, kò sì sí ẹni tó jà á níyàn. Àwọn bàbá wa kó ilé, kó ewúrẹ́, kó òrìṣà. Àwa ń pín oṣù bí ẹni pín ẹran ìtàdógún. Ẹnì kan tún béèrè ohun tí ọ̀gá rẹ̀ yóò sọ. Ẹnì kan sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà yípo tán, kò sí oṣù kan tó ṣófo.

Oṣù kẹsàn-án ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, nígbà tí òjò kejì bá ti ń rọ̀, tí ọ̀nà ilẹ̀ dúdú kò ní gba ọ̀kadà. Mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Mo ti ra bàtà òjò, mo sì ti ra ọkọ́.